Òkè Mọ́kọ́lá àti Ìtàn Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọnà fún Ọ̀dọ́ Akẹ́kọ̀ọ́

Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ó ti rí fún aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún iṣẹ́ ọnà. Ẹni tí ó bá gun òkè Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn yóò rí ilé kan tí ó jẹ́rìí sí òwe yìí. New Culture Studios ni orúkọ ilé náà. Demas Nwoko ni ó pète rẹ̀, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1967, kí ó lè jẹ́ ibi iṣẹ́, ibi eré àti ibi ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n kí ilé yìí tó dúró lórí òkè, àríyànjiyàn kan ti wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láàárín àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọnà: ta ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ wò kọ́ṣe, ṣé ọ̀gá ilẹ̀ òkèèrè ni, tàbí baba ńlá tirẹ̀?

Ní ayé àtijọ́, agbo ilé oníṣẹ́ ọnà ni ilé-ìwé. Ọmọ iṣẹ́ kì í ṣàdédé mú ọ̀bẹ kí ó máa fín ojú ère. Ìpele mẹ́rin ni àwọn agbẹ́gilére Yorùbá ń tẹ̀lé. Èkíní ni ọnà lílé, tí a fi ń la igi títí ìrísí ère yóò fi hàn. Èkejì ni alétúnlé, níbi tí a ti ń ya orí, ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹ̀kẹta ni dídán, tí ó ń mú kí ara igi jọ̀lọ̀; ẹ̀kẹrin sì ni fínfín, tí ó ń fi irun, ilà ojú àti ọ̀ṣọ́ aṣọ hàn. Inú ẹbí agbẹ́gilére ni a bí Lámídì Fákẹ́yẹ sí ní Ìlá Ọ̀ràngún ní 1928. Síbẹ̀, ó tún lọ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ George Bándélé, ọmọ Àrẹógún, ní ibi iṣẹ́ tí àwọn Fadá Ìjọ Àgùdà dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947.

Nígbà tí ilé-ìwé òyìnbó dé, kò sí àyè fún irú ẹ̀kọ́ yìí nínú rẹ̀. Àìná Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí a bí ní 1882, ni ó kọ́kọ́ jà fún un. Láti kékeré ni ó ti ń wo àwòrán inú ìwé òyìnbó tí ó sì ń yà á. Ní 1920 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ṣẹ́ sí i, nígbà tí ó sì padà dé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga ní Èkó. Ó kọ́ wọn bí ohun tí ó jìnnà ti ń kéré lójú, àti bí ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ti ń fún àwòrán ní ara, débi pé Mr. Perspective ni wọ́n ń pè é. Èrò rẹ̀ kò ṣòro í mọ̀. Àwọn kan ń sọ pé èèyàn dúdú kò lè ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ já irọ́ wọn.

Ìpè tí Ọnàbólú ń pe ìjọba fún olùkọ́ púpọ̀ sí i wà lára ohun tí ó mú Kenneth Murray wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1927. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì ni Murray gbà. Kò fẹ́ kí ọmọ ilẹ̀ yìí máa ṣe àdàkọ àwòrán òyìnbó. Ọjà, ijó àti ìgbé ayé abúlé ni ó ní kí wọ́n máa yà. Ben Enwonwu kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ní Gọ́fúmẹ́ǹtì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, kí wọ́n tó lọ sí Umuahia. Ní 1937, a pàtẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Murray ní Lọ́ńdọ̀nù. Báyìí ni olùkọ́ kan ń ṣe ìtọ́jú ọwọ́, tí èkejì ń ṣe ìtọ́jú orísun. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ni wọ́n so ọ̀nà méjèèjì pọ̀. Ní 1958, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba tí ó wà ní Zaria, Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya, Yusuf Grillo àti àwọn ẹgbẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Wọ́n ń ṣe iṣẹ́ tí àwọn olùkọ́ òyìnbó fún wọn. Lẹ́yìn èyí wọ́n a pé jọ láti jíròrò lórí ìtàn àti ọnà ìlú tí olúkúlùkù ti wá. Okeke sọ ọ́ ní 1960 pé kí a mú ohun tí ó dára nínú ti àtijọ́ àti ti òde òní, kí a pò wọ́n pọ̀ bí ó ti tọ́ sí ìgbà wa. Nwoko mú èrò náà wá sí Ìbàdàn, níbi tí ó ti ń kọ́ni ní ẹ̀ka eré oníṣe ti Yunifásítì láti 1963. Nínú iṣẹ́ ilé kíkọ́ rẹ̀, ó po ilẹ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ǹtì, ó sì lo àgbàlá àti òrùlé tí ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. Ní 1923 kò sí ẹni tí ì bá gbà pé irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ lè gba ẹ̀yẹ. Ṣùgbọ́n ní 2023, a fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà ní Venice, ní ilẹ̀ Ítálì, fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀.

Onobrakpeya ní tirẹ̀ di olùkọ́ ní St. Gregory's College, Èkó, láti 1963. Ní 1967, ásíìdì ba àwo irin tí ó fi ń tẹ àwòrán jẹ́. Kò sọ ọ́ nù. Ó ń wá ọ̀nà láti tún un ṣe, àtúnṣe náà sì di ọ̀nà ìtẹ̀wé tuntun tí a fi mọ̀ ọ́n káàkiri ayé.

Ìtàn yìí kan ọ̀dọ́ tí ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC lónìí. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́ àtinúdá, a máa ń fún un ní ìbéèrè kí ó lè ronú. Púpọ̀ nínú wọn a máa fi àkókò náà wá àwòrán ẹlòmíràn tí wọn yóò há sórí. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé àpẹẹrẹ àwọn àgbà yóò ṣe bí agbẹ́gilére: yóò kọ́kọ́ lé ọnà rẹ̀ ní oríṣiríṣi lórí ìwé, yóò tún un lé, kí ó tó ronú dídán àti fínfín. Yóò jáde lọ wo alágbẹ̀dẹ, aláró àti òrùlé páànù Ìbàdàn pẹ̀lú pẹ́ńsù lọ́wọ́. Yóò pa gbogbo ìdánwò ọwọ́ rẹ̀ mọ́, títí kan èyí tí ó bàjẹ́, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ èyí tí yóò ṣílẹ̀kùn fún un.

Àtinúdá kì í ṣe ohun tí ń já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ọwọ́ tí a ti kọ́ ní iṣẹ́ àti ojú tí ó mọ ilé ni wọ́n ń bí i. Ẹni tí ó ní ọ̀kan tí kò ní èkejì, ààbọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ yóò máa jẹ́.