Ṣarán: Ọ̀rọ̀ Kan àti Ìtàn Rẹ̀

Àgbàlagbà tí iyè rẹ̀ kò jí pépé mọ́, a ní ó ń ṣarán. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ yìí rọrùn jù lẹ́nu: ó sọ àrùn di ogbó lásán.

Ní ọdún 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò ní kí ẹbí máa bá aláìsàn ọpọlọ gbé ní àwọn abúlé ẹ̀gbẹ́ Aro, l'Ábẹ́òkúta. Ní 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun ti Ìbàdàn àti Hugh Hendrie ti Indianapolis bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àwọn arúgbó tó ti pé ọdún 65, ní Ìdíkàn àti láàrin àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà. Wọn kò bi arúgbó nìkan léèrè. Wọ́n bi ìbátan rẹ̀ pẹ̀lú. (Ẹ̀rí ẹbí di ara òṣùwọ̀n. Èyí wú mi lórí púpọ̀.) Èsì wọn jáde ní 2001: nínú ọgọ́rùn-ún, bíi 1.35 ni àrùn náà ń mú lọ́dọọdún n'Íbàdàn, 3.24 ní Indianapolis.

Òótọ́ ni pé tiwa kéré. Síbẹ̀, ìyá tó bá ń dá sọ̀rọ̀ lóru, àwọn kan ṣì ń pè é ní àjẹ́, ọmọ rẹ̀ a sì máa fi í pamọ́ fún àlejò. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí pásítọ̀ àti ààfáà máa bẹ̀ wò, kí wọ́n bá a gbàdúrà, kí wọ́n sì jókòó ti ìyá náà lọ́sàn-án kan kí ọmọ lè rí oorun sùn.