Ilé-Ìkàwé, Íntánẹ́ẹ̀tì àti Ìrántí Eré Àtijọ́ ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáàrà

Ìtọ́jú ìwé kì í ṣe ohun àjèjì ní Nàìjíríà. Láti ọdún 1950 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan fún àwọn atẹ̀wé láti máa fi ẹ̀dà ohun tí wọ́n bá tẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-ìkàwé University College, Ìbàdàn. Ní ọdún 1970, ìjọba ológun ṣe òfin mìíràn tí ó fún Ilé-Ìkàwé Àpapọ̀ Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Èyí ni ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ń wá ìwé ìròyìn tàbí ìtàn-àròsọ tí a tẹ̀ ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ kọrí sí. Ẹni tí ó bá ń wá eré tí àwọn òbí rẹ̀ wò lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọdún kan náà kò ní irú ibi bẹ́ẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó máa ń gbà lọ lónìí.

Ohun tí iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò ni bí eré àti orin Yorùbá ṣe ń bọ́ láti ara ohun èlò kan sí òmíràn láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, ohun tí ó já bọ́ lójú ọ̀nà, àti iṣẹ́ tí èyí dì lé àwọn olùtọ́jú ilé-ìkàwé lórí.

Ohùn, ìtàgé àti bébà

Ní ọdún 1922 ni Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti kọ àwọn orin ẹ̀mí lédè Yorùbá sínú rẹ́kọ́ọ̀dù fún iléeṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ó papò dà ní ọdún 1930, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò bá a lọ. Ẹ fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1944, nígbà tí Hubert Ògúndé, ẹni tí ó jẹ́ ọlọ́pàá nígbà náà, gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí ọgbà Ídẹ́nì jáde ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó. Eré orí ìtàgé ni. Nígbà tí àwọn òǹwòran dìde tí wọ́n sì gba ilé lọ, ó parí nìyẹn. Ohun tí ó gbé ìròyìn irú eré bẹ́ẹ̀ dé ìgbà tiwa ni ìpolówó àti àròkọ inú ìwé ìròyìn, àti ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tí ó bá wọn ṣe é. Nígbà tí Ẹ̀bùn Clark ń kọ ìwé rẹ̀ lórí Ògúndé, èyí tí ó jáde ní ọdún 1979, irú àwọn àkọsílẹ̀ wọ̀nyí wúlò fún un gidigidi. Bí kò bá sí ẹni tí ó di ìwé ìròyìn àtijọ́ pọ̀ tí ó sì tò ó sórí pẹpẹ, ìtàn náà ìbá ṣòro láti kọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo bébà ni ó rí ojú rere. Ìwé alá​wòrán Atọ́ka, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960, máa ń fi fọ́tò àwọn òṣèré tíátà sọ ìtàn, a ó sì kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sí ẹ̀gbẹ́ orí wọn. Àwọn tí kò rí owó wọ gbọ̀ngàn wo eré rí i wò níbẹ̀. Ọwọ́ dé ọwọ́ ni ó ń lọ títí yóò fi ya. Ohun tí ó bá wọ́pọ̀ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn ni kì í sábà ní olùtọ́jú, nítorí kò sí ẹni tí ó rò pé yóò tán. Ó yẹ kí a sọ ọ́ gbangba pé ojú tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi wo irú ìwé yìí ní ìgbà náà dá kún un: wọ́n kà á sí ìwé ẹ̀rín.

Téèpù tí a pa rẹ́, fíìmù tí ó ń kan

Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Níbẹ̀ ni Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ti di ẹni tí àwọn ọmọdé ń sáré lọ wò ní ilé aládùúgbò tí ó bá ní tẹlifíṣọ̀n. Téèpù ìgbà náà wọ́n, ó sì ṣeé lò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí náà, àṣà iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n káàkiri ayé ni láti gba eré tuntun sórí eré àná. BBC pàápàá pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ eré rẹ̀ ti àwọn ọdún 1960 rẹ́ báyìí. Kì í ṣe àìmọ̀kan ni. Ètò ìṣúná owó ni. Kò sí ẹni tí ó lérò pé ẹnikẹ́ni yóò tún fẹ́ wo ohun tí a ti wò tán.

Fíìmù yàtọ̀ díẹ̀. Ọdún 1976 ni Ọlá Balógun gbé Àjàní Ògún jáde, Ògúndé àti àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1982 ni Ọ̀run Móoru ti Bàbá Sàlá dé, ìtàn ọkùnrin kan tí àwọn oníjìbìtì sọ di aláìní. Bí ẹni pé ìtàn náà fẹ́ jáde kúrò nínú àwòrán ni ó rí: àwọn olè ẹ̀dà jí fíìmù náà, wọ́n ń tà á lórí fídíò, gbèsè sì wọ olówó rẹ̀ lọ́rùn. Ìpalára yìí kò ṣeé fojú kéré. Síbẹ̀, ohun kan wà níbẹ̀ tí ó ń kọ olùtọ́jú ilé-ìkàwé lóminú. Òfin iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí ẹ̀dà bá ṣe pọ̀ tó ni iṣẹ́ ṣe ń pẹ́ tó láyé. Àwọn tí ó sọ ẹ̀dà di púpọ̀ ní ilẹ̀ yìí, olè ni púpọ̀ nínú wọn. Ilé ìpamọ́ kò tíì dìde nígbà náà.

Fíìmù fúnra rẹ̀ a máa kú. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá wọ inú agolo rẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ọtí kíkan, yóò sì súnkì títí kò fi ní ṣeé fi sínú ẹ̀rọ mọ́. Ní Jọ́ọ̀sì, níbi tí ìjọba àpapọ̀ ní ilé ìpamọ́ fíìmù, fídíò àti ohùn sí, ni a ti rí fíìmù Háúsá Shaihu Umar ti ọdún 1976, èyí tí ọ̀pọ̀ ti rò pé ó sọnù. Wọ́n tún un ṣe ní Jámánì, a sì fi í hàn níbi àjọ̀dún fíìmù Berlin ní ọdún 2018. Fíìmù Yorùbá ìgbà náà kò kéré níye; agolo wọn ni ó yẹ kí a máa wá báyìí, kí òórùn náà tó dé.

Íntánẹ́ẹ̀tì àti wàhálà orúkọ

Nígbà tí YouTube bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005, tí fóònù alágbèéká GSM tí ó dé Nàìjíríà ní ọdún 2001 sì wá di ohun tí ń gbé àwòrán, ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kásẹ́ẹ̀tì fídíò inú kọ́bọ́ọ̀dù wọn sórí ayélujára. Ọmọ Yorùbá tí a bí sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù wá lè wo eré tí ìyá rẹ̀ ń sọ. Oore ńlá ni, kò sì yẹ kí ilé-ìkàwé fi ojú ìlara wò ó.

Àmọ́ ẹ̀dà tí ó wà níbẹ̀ kò ní ìwé ìdánimọ̀. Ọdún kò sí, orúkọ òṣèré kò sí, ìbẹ̀rẹ̀ níbi tí orúkọ wọn ti máa ń hàn ni a sì sábà gé kúrò. Ẹni tí ó gbé e síbẹ̀ lè pa àyè rẹ̀ rẹ́ lọ́la. Ní ọdún 2009, Yahoo ti GeoCities pa, ojú ewé àìmọye tí àwọn ènìyàn fi ọwọ́ ara wọn ṣe ni ìbá sì bá a lọ pátápátá bí kì í bá ṣe àwọn tí ó sáré kó èyí tí wọ́n lè kó. Lórí kásẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, ọdún 2016 ni iléeṣẹ́ Funai ní Japan, tí ó gbẹ̀yìn nínú àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ VHS, dáwọ́ dúró. Ẹ̀rọ tí ó bá kù ní ọwọ́ àwọn atúnrédíòṣe ni a ó fi wo èyí tí ó kù.

Ìṣòro tí ó jinlẹ̀ jù ni ti àkọtọ́. Fíìmù Ògúndé kan jẹ́ Aiye, bí a ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974 ti sọ ọ́ di ayé. Nínú káàdì ilé-ìkàwé, olùtọ́jú yóò kọ méjèèjì, yóò sì fi ọ̀kan júwe èkejì. Kọ̀ǹpútà kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà ẹ tí ó ní àmì lábẹ́ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ètò Unicode, ṣùgbọ́n bí a bá fi àmì ohùn lé e lórí, ohun méjì ni ó di lójú ẹ̀rọ. Àwọn mìíràn sì ń lo ìlà kékeré dípò àmì tóótó, ìyẹn tún di ọ̀tọ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ fi ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i rárá, tí ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ fi di ọ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá tẹ Aiye yóò rí ìwọ̀nba tí àwọn àgbà kọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá tẹ aye yóò rí orin, ìwàásù, ìròyìn àti àwàdà lọ́gọ́ọ̀rọ̀, fíìmù Ògúndé yóò sì wà ní ìsàlẹ̀ níbi tí ojú kò dé.