Ìwọ̀n Pùròpẹ́là fún Ẹ́ńjìnnì Ìdí Ọkọ̀ Àtijọ́

Pùròpẹ́là ni abẹ̀bẹ̀ onírin tó ń yí lábẹ́ omi nídìí ọkọ̀, tó ń ti omi sẹ́yìn kí ọkọ̀ lè rìn síwájú. Nọ́ńbà méjì ni wọ́n fi ń mọ ìwọ̀n rẹ̀. Èkíní ni ìbú òbírí tí etí abẹ̀bẹ̀ náà ń fà bó ti ń yí. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní pítìṣì, ni iye ínṣì tí ì bá fi lọ síwájú nínú ìyípo kan, ká ní omi le tó pákó tí síkúrù ń wọ̀. Èyí tí wọ́n bá kọ 10 × 11 sí lára fẹ̀ ní ínṣì 10, pítìṣì rẹ̀ sì jẹ́ 11. Ìbú kì í fún ènìyàn láyè púpọ̀ lára ẹ́ńjìnnì àtijọ́, nítorí àyè tó wà lábẹ́ irin pẹlẹbẹ tó bo pùròpẹ́là lórí ti fi ààlà sí i. Pítìṣì ni ọ̀rọ̀ wà.

Nígbà tí Ole Evinrude, ọmọ Norway tó dàgbà ní Wisconsin, bẹ̀rẹ̀ sí ta ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní Milwaukee ní 1909, agbára ẹṣin kan àtààbọ̀ péré ni ẹ́ńjìnnì ọ̀hún ní. Ọkọ̀ tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń so irú rẹ̀ mọ́, kò sì sí ohun tí à ń ṣà. Ní 1957, Evinrude àti Johnson ti ń ta ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 35. Ẹnìkan so ó mọ́ ọkọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń fò lórí omi, ẹlòmíràn so ọ̀kan náà mọ́ ọkọ̀ pákó tó wúwo. Nọ́ńbà kan ṣoṣo kò lè bá àwọn méjèèjì mu. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a ka nọ́ńbà pùròpẹ́là inú ìwé ẹ́ńjìnnì àtijọ́ sí ibi ìbẹ̀rẹ̀. Pùròpẹ́là tó tọ́ ni èyí tó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dé iye ìyípo tí ẹni tó ṣe é kọ fún un, nígbà tí ọkọ̀ bá gbé ẹrù tó máa ń gbé, tí wọ́n sì ṣí iná rẹ̀ tán. Ìyípo 4500 ní ìṣẹ́jú kan ni ti ẹ́ńjìnnì 35 yẹn.

Àwọn kan á ní eré ni àwọn ń wá, pé bí pítìṣì bá ṣe ga tó ni ọkọ̀ yóò ṣe sáré tó. Ìṣirò dà bí ẹni pé ó gbè wọ́n. Jíà ẹ́ńjìnnì náà ń dín ìyípo kù, eyín 12 ń wa eyín 21, nítorí náà 4500 lókè di bíi 2570 nísàlẹ̀. Pítìṣì 11 á gbé ọkọ̀ lọ ní máìlì 27 ní wákàtí kan lórí ìwé. Bí omi bá yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ku 23. Ẹ fi 14 sí i, ìwé á ní 34. Ṣùgbọ́n ìwé kò mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ò ní lè yí 4500 mọ́: ínṣì pítìṣì kan a máa mú nǹkan bí ìyípo 150 sí 200 lọ. Ó wá dà bíi dírẹ́bà tó fi jíà kẹrin gun òkè. Iná ṣí tán, ẹ́ńjìnnì ń kérora, ooru ń pọ̀, orí písítìn sì lè jó. Eré tí wọ́n ń wá gan-an kò ní sí níbẹ̀. Bí pítìṣì bá sì kéré jù, ẹ́ńjìnnì á máa yí kọjá ààlà, èyí náà a sì máa bà á jẹ́.

Àtakò tó lágbára jù ni pé ẹ́ńjìnnì tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kò lókun ìgbà èwe rẹ̀ mọ́, pé aago tó ń ka ìyípo yóò kàn tan ènìyàn jẹ ni. Òótọ́ wà níbẹ̀. Kí wọ́n tó dá pùròpẹ́là lẹ́bi, kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ wo kọ̀mpúrẹ́ṣàn, púlọ́ọ̀gì àti kabúrétọ̀, kó sì wo rọ́bà àárín pùròpẹ́là bí ó bá ní. Bí rọ́bà yẹn bá ti tú, ìyípo á ga sókè ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò ní rìn bí ó ti yẹ. Irú àmì yìí ni wọ́n máa ń ṣì kà sí pítìṣì kékeré. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára tí ìyípo kò sì pé, ogbó ẹ́ńjìnnì kò sọ pé kí a fi pùròpẹ́là tí pítìṣì rẹ̀ ga jù sílẹ̀ fún un. Ẹ dín pítìṣì kù ní ínṣì kan tàbí méjì, kí ẹ tún un wò lórí omi pẹ̀lú ẹrù kan náà. Ọkọ̀ tó ń gbé apẹja kan ní òwúrọ̀, tó sì ń fa ẹni tó ń yọ̀ lórí omi ní ìrọ̀lẹ́, pùròpẹ́là méjì ló nílò.