Iṣẹ́ Ọnà Ìpínlẹ̀ Kwara: Èyí tí ó Kú àti Èyí tí ó Yè

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọjọ́ tí a bá kú ni à ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Bí ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn ti rí, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ rí. Nígbà tí iṣẹ́ kan bá wà láàyè, tí àwọn tí ń ṣe é ń làágùn nínú agbo ilé wọn, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń yà wò wọ́n. Ìgbà tí ó bá parun tán ni wọn a máa wá ohun tí ó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ kiri, tí wọn a gbé e kalẹ̀ fún àlejò láti wò. Ìtàn iṣẹ́ ọnà ní ìpínlẹ̀ Kwara jẹ́rìí sí òwe yìí.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, ọdún 1967 ni ìjọba ológun dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ pẹ̀lú mọ́kànlá mìíràn. Ní ọdún 1991, apá kan nínú rẹ̀ bọ́ sí ìpínlẹ̀ Kogi, Borgu sì bọ́ sí ìpínlẹ̀ Niger. Síbẹ̀, ohun tí ó kù kò kéré. Iṣẹ́ mẹ́rin ni àròkọ yìí yóò gbé yẹ̀ wò: ère òkúta Èsìẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ lántánà Ìlọrin, aṣọ òfì, àti ìkòkò mímọ. Méjì ti kú nínú wọn. Méjì sì wà láàyè. Ohun tí ó pa àwọn ti ìṣáájú àti ohun tí ó dá ẹ̀mí àwọn ti ìkẹyìn sí ni ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀.

Èsìẹ́ jẹ́ ìlú kan ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ère òkúta tí ó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ ni ó wà níbẹ̀, ti ọkùnrin àti ti obìnrin. Irú òkúta rírọ̀ kan tí irin lè gé ni wọ́n fi gbẹ́ wọn. Púpọ̀ nínú wọn jókòó sórí àpótí. Òmíràn mú ohun ìjà lọ́wọ́. Irun orí wọn ní onírúurú àrà, ilà wà lójú àwọn mìíràn, ìlẹ̀kẹ̀ sì wà lọ́rùn wọn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ìlú náà sọ pé ńṣe ni àwọn ará Èsìẹ́ bá àwọn ère náà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n tẹ ibẹ̀ dó, àti pé àwọn àlejò kan ni ó di òkúta. Àwọn ará ìlú a sì máa bọ wọ́n lọ́dọọdún.

Ọdún 1933 ni H. G. Ramshaw, alábòójútó ilé ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S., fi ọ̀rọ̀ àwọn ère náà tó ìjọba létí. Ní ọdún 1945 ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀m̀báyé sílẹ̀ ní Èsìẹ́, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní ọdún 1978, Phillips Stevens tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí wọn. Àyẹ̀wò tí àwọn onímọ̀ ṣe lára àwọn orí alámọ̀ tí wọ́n bá níbẹ̀ tọ́ka sí nǹkan bí ọdún 1100. Àwọn kan ń wo Ifẹ̀, àwọn kan ń wo Ọ̀yọ́, àwọn mìíràn sì ń wo ilẹ̀ Nupe, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ìdílé báyìí ni ó gbẹ́ wọn. Ère wà, agbẹ́gilére kò sí. Orúkọ irin iṣẹ́ wọn, ìkìlọ̀ tí ọ̀gá ń ṣe fún ọmọ iṣẹ́, owó tí wọ́n ń gbà, gbogbo rẹ̀ ni ó bá wọn wọ ilẹ̀ lọ. Ní ọdún 2000, ìgbìmọ̀ àgbáyé fún ilé ìṣẹ̀m̀báyé fi ère Èsìẹ́ sínú àkọsílẹ̀ àwọn ohun àjogúnbá ilẹ̀ Áfíríkà tí olè àti oníṣòwò ẹ̀yìn ń wù léwu jù lọ. Ère tí ẹnikẹ́ni kò lè gbẹ́ mọ́ ti di ohun tí wọ́n ń jí.

Òṣìṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ kan wà ní àdúgbò Òmù-Àrán, tí kò jìnnà sí Èsìẹ́, láàárín ọdún 1930 sí 1940. J. D. Clarke ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1938, ó kọ̀wé nípa ère Èsìẹ́ sínú ìwé àtìgbàdégbà tí a ń pè ní Nigeria. Nínú ìwé kan náà, ó tún kọ̀wé nípa àwọn tí ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ òkúta ní Ìlọrin. Ère tí ó kọ nípa rẹ̀ ti di ìtàn láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún; àwọn onílẹ̀kẹ̀ wà láàyè lójú rẹ̀, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ wọn lọ́wọ́. Lónìí, àwọn méjèèjì ti di ìtàn.

Lántánà ni ìlẹ̀kẹ̀ pupa tí wọ́n ń fi òkúta ṣe. Ìtàn àwọn ìdílé onílẹ̀kẹ̀ Ìlọrin so iṣẹ́ náà pọ̀ mọ́ Ọ̀yọ́-Ilé. Nígbà tí Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ya Ìlọrin kúrò lábẹ́ Aláàfin, tí ogun sì tú Ọ̀yọ́-Ilé ká ní nǹkan bí ọdún 1836, ọ̀pọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ni ó di ará Ìlọrin. Àwọn oníṣòwò a máa kó òkúta pupa náà wá láti òkè ọya. Àwọn ọkùnrin a lù ú sí wẹ́wẹ́, wọn a fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó dá ihò sí i lára, wọn a sì máa lọ̀ ọ́ lórí òkúta títí yóò fi dán bí ojú ẹja. Iṣẹ́ sùúrù ni, nítorí ìlẹ̀kẹ̀ lè fọ́ sí oníṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ihò já. Lọ́rùn ọba àti ìjòyè ni ó ń parí sí, káàkiri ilẹ̀ Yorùbá títí dé Bìní.

Kí ni ó wá pa iṣẹ́ tí ó níyì tó bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn kò fẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́. Títí di òní, kò sí ọba tí kì í lo ìlẹ̀kẹ̀, kò sì sí ìyàwó tí kì í fi sọ́rùn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìlẹ̀kẹ̀ pupa tí wọ́n ṣe ní ìlú òyìnbó wọ ọjà. Ó jọ lántánà lójú, owó rẹ̀ sì kéré. Ìlẹ̀kẹ̀ òyìnbó ti parí kí ó tó dé. Kò sí ohun tí onílẹ̀kẹ̀ Ìlọrin lè fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe sí i mọ́. Òkúta tí òun sì ń lò, láti ọ̀nà jíjìn ni ó ti ń wá. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ọmọ fi iṣẹ́ baba wọn sílẹ̀. Nígbà tí Ann O'Hear tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí lántánà jáde ní ọdún 1986, ìtàn ohun tí ó ti ń lọ ni ó ń kọ.

Ìtàn aṣọ òfì yàtọ̀. Òyìnbó kó aṣọ dé gẹ́gẹ́ bí ó ti kó ìlẹ̀kẹ̀ dé, ṣùgbọ́n ó kó òwú dé pẹ̀lú. Ahunṣọ Ìlọrin kò bá òwú náà jà. Ńṣe ni ó gbé e sórí òfì. Láyé àtijọ́, òwú tí àwọn obìnrin ran ni wọ́n fi ń hun ẹtù, òwú inú kòkòrò ni wọ́n fi ń hun sányán, òwú pupa tí ó ti òkè òkun gba aṣálẹ̀ dé ni wọ́n sì fi ń hun àlàárì. Èyí fi hàn pé òwú àjèjì kì í ṣe ohun tuntun lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí òwú ẹ̀rọ dé, wọ́n gbà á. Nígbà tí òwú tí ń kọ mànà dé, wọ́n gbà á bákan náà. Àrà ń yí padà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà hun ún, tí wọ́n sì ń rán ọ̀já kan mọ́ èkejì, kò yí padà. Ìgbéyàwó, ìkómọ, oyè jíjẹ àti òkú àgbà sì ń mú oníbàárà wá lójoojúmọ́.

Ní ti ìkòkò, ọwọ́ àwọn obìnrin ni ó wà, pàápàá ní Dáda ní Òkèlele ní Ìlọrin. Inú ilẹ̀ àdúgbò ni wọ́n ti ń wa amọ̀, wọn kò retí oníṣòwò kankan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Wọn a gún amọ̀, wọn a tẹ́ ẹ lé ìdí ìkòkò àtijọ́ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé kí ó lè rí bìrìkìtì, wọn a mọ ẹnu rẹ̀, wọn a sá a, wọn a sì sun ún ní gbangba. Lóòótọ́, irin àti ọ̀rá ti gba ipò lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rọ omi àti ẹ̀rọ amómitutù ti lé àmù kúrò ní ìyẹ̀wù ọ̀pọ̀ ilé. Ṣùgbọ́n àwọn kan ṣì wà tí wọ́n gbà pé ọbẹ̀ inú ìṣaasùn kò ní àfiwé, àwọn mìíràn sì ń ra ìkòkò láti gbin òdòdó. Àwọn amọ̀kòkò gbọ́ ohun tí ọjà ń wí, wọ́n sì ń mọ ohun tí ọjà ń fẹ́.

Bí a bá fi àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wéra, ohun kan hàn kedere. Kì í ṣe ọjọ́ orí ni ó ń pa iṣẹ́ ọnà, kì í sì í ṣe ọ̀làjú nìkan. Iṣẹ́ tí ohun èlò rẹ̀ wà nítòsí, tàbí tí ó lè sọ ohun àlejò di ohun èlò tirẹ̀, máa ń yè. Èyí tí àlejò bá gbé àyédèrú rẹ̀ dé ní píparí, tí oníbàárà kò sì mọ ìyàtọ̀, ikú rẹ̀ kò jìnnà.

Nítorí náà, kí ahunṣọ má ṣe rò pé òun ti bọ́. Aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ní àwòrán aṣọ òfì ti wà lórí àtẹ báyìí, owó rẹ̀ sì kéré. Ohun tí ó pa lántánà gan-an ni èyí, ó kàn pààrọ̀ aṣọ ni. Ẹni tí kò bá mọ aṣọ tí ọwọ́ hun yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀rọ hun yóò ra èyí tí ó pọ́ọ́kú.

Ibí ni iṣẹ́ olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwé a máa kó àwọn ọmọ lọ wo ère Èsìẹ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ère kò lè dá wọn lóhùn. Kí wọ́n kó wọn lọ sí Òkèlele pẹ̀lú, kí wọ́n kó wọn lọ sí ìdí òfì, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ kan aṣọ, kí ó sì mọ bí ti ọwọ́ ti rí. Kí wọ́n béèrè orúkọ ohun èlò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Iṣẹ́ kan kì í dá kú. Èdè rẹ̀ ni ó máa ń bá a lọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí àwọn onílẹ̀kẹ̀ ń lò ni kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́ lónìí, kò sì sí ìwé atúmọ̀ èdè tí ó lè jí wọn dìde.

Ẹnu àgbà tí ó ṣì ń fọhùn ni a ti ń gbọ́ ìtàn. Àwọn amọ̀kòkò àti ahunṣọ Kwara ṣì ń fọhùn. Kí wọ́n tó dère ni ó yẹ kí a yẹ́ wọn sí.