Adójútòfò

Láti Kúje dé Festac nílùú Èkó, a máa ń gbọ́ tí wọ́n ń pe Ìlera Èkó, ètò ìlera ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, ní ìwòsàn ọ̀fẹ́. Àmọ́ adójútòfò ni: a-dójú-ti-òfò, ohun tó ń dójú ti òfò. (Orúkọ náà lérí díẹ̀; àìsàn ò ní torí ẹ̀ má wá, ìnáwó rẹ̀ ló ń fúyẹ́.) Kí àìsàn tó dé la ti ń sanwó: “Mo ti san owó adójútòfò ìlera tọdún yìí.” Kì í ṣe èsúsú náà. Ẹni tó dá èsúsú á kó o, ara rẹ̀ ìbáà le koko. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2015 ló gbé tìjọba kalẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ aládàáni ń ta tiwọn, adójútòfò náà sì ni.