Àwọn Àlájà Tó Ń Ka Ọjọ́ Òrìṣà

Inú rẹ́jísítà kíláàsì ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní abúlé kan níhà Lálúpọn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú, kí n tó fẹ̀yìn tì. Orúkọ ọmọ ló máa ń wà lápá òsì ìwé náà, ọjọ́ márùn-ún tí a fi ń kàwé lọ́sẹ̀ á sì wà lápá ọ̀tún. Ẹni tó bá wá gba àmì, ẹni tí kò bá wá gba òdo. Nígbà tí táàmù kan ń parí lọ, tí mo ń ṣírò iye ọjọ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá, mo ṣàkíyèsí bí àwọn òdo náà ṣe tò. Lọ́sẹ̀ kan, ọjọ́ Ajé ni wọ́n rọ́ jọ sí. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ti bọ́ sí Ìṣẹ́gun. Lọ́sẹ̀ kẹta, Ọjọ́rú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sún lọ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi dé ọjọ́ Ẹtì. Lẹ́yìn náà, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kíláàsì kún. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, àwọn òdo tún rọ́ padà sí ọjọ́ Ajé.

Ọjà ni. Lọ́jọ́ tí abúlé wa bá ń ná ọjà, ọmọ tó bá ti lè ru igbá kò ní í wá sílé ìwé, èyí tí kò tíì lè rù ú á sì dúró ti àbúrò rẹ̀ nílé. Ọjọ́ mẹ́jọ ló wà láti ọjà kan sí èkejì. Bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé lónìí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò tún wáyé, tó bá sì bọ́ sí Àbámẹ́ta tàbí Àìkú, ilé ìwé kò ní í mọ̀ ọ́n lára. Ọjọ́ 56 gbọ́dọ̀ pé kí ó tó padà sí ọjọ́ Ajé. Àwọn ọ̀gá tó máa ń wá bẹ ilé ìwé wò a máa sọ pé ọjà ló ń da ètò ẹ̀kọ́ rú. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọjà dúró sójú kan, ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje tí wọ́n gbé wá bá a ló ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ àwọn baba ńlá wa, òrìṣà ló sì ni gbogbo wọn: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Awo tí í ṣe ti Ifá, ọjọ́ Ògún, àti ọjọ́ Jàkúta tí í ṣe ti Ṣàngó. Àlùfáà Samuel Johnson, tó dàgbà ní Ìbàdàn lọ́wọ́ àwọn míṣọ́nnárì, kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó parí ní 1897, tí àbúrò rẹ̀ sì gbé jáde ní 1921. Nínú òǹkà wa, òní ni ọ̀kan. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ọjà tó ń padà bọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin ní ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún, tí a ń pe ti ọjọ́ mẹ́jọ ní ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án, tí ti ọjọ́ mẹ́rìndínlógún sì ń jẹ́ ìtàdógún. Ọjọ́ ìtàdógún ni àwọn aláṣọ òkè ń ná ọjà wọn ní Ọ̀jẹ́ n'Ìbàdàn títí dòní, tí àwọn ahunṣọ ìlú bí Ìsẹ́yìn ń kó aṣọ wọn wá.

Ẹ wo ohun tí òǹkà yìí ń ṣe. Mẹ́rin wọnú mẹ́jọ, ó wọnú mẹ́rìndínlógún. Ọjà tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ṣàngó, ọjọ́ Ṣàngó náà ni yóò máa bọ́ sí títí ayé, ì báà jẹ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún, ì báà jẹ́ ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án, ì báà jẹ́ ìtàdógún. Lábúlé wa, kò sí ojúbọ Ṣàngó kankan mọ́. Mọ́ṣáláṣí wà, ṣọ́ọ̀ṣì wà. Síbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ọjọ́ Jàkúta, kó béèrè ọjọ́ tí a ń ná ọjà. Bàbá àgbà kan tó kù tó ń bọ Ṣàngó ní abà kejì sọ fún mi pé bí ọjọ́ bá dàrú mọ́ òun lójú, òun kì í pe ẹlẹ́sìn ẹlẹgbẹ́ òun. Ẹnu ọ̀nà lòun máa ń jókòó sí, kí òun máa wo ìgbà tí àwọn obìnrin yóò kọjá pẹ̀lú ẹrù.

Àwọn obìnrin wo? Màmá mi wà lára wọn. Àlájà ni wọ́n. Wọ́n lọ sí Mẹ́kà, wọn kì í sì í jẹ́ kí ìrun Àsùbáà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ àjàpá ni wọ́n ṣe tọ́ wa: wọ́n á ra làfún, ẹlùbọ́ àti gààrì lọ́jà oko, wọ́n á sì kó o wọ Ìbàdàn. Ọjà mẹ́rin ni wọ́n ń ná yípo, wọ́n á ti ọ̀kan bọ́ sí òmíràn títí tí wọ́n á fi padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo bi màmá mi léèrè pé òrìṣà wo ló ni ọjọ́ ọjà wa, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Èmi mọ Àlàmísì, mo mọ Jímọ̀. Ọjọ́ ọjà, ọjọ́ ọjà ni." Ìyá tó bí wọn ló dá mi lóhùn láti inú yàrá pé ọjọ́ Jàkúta ni, pé nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, ìlù bàtá máa ń dún lẹ́bàá ọjà yẹn títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ó yé mi lọ́jọ́ náà pé ẹni tí kò sin òrìṣà kan rí ló ń pa ọjọ́ òrìṣà mọ́ jù lọ, nítorí pé owó àti oúnjẹ ọmọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rí bí òǹkà yìí ṣe wọ iṣẹ́ lára, ẹ lọ sídìí ẹni tó ń ṣe làfún. Ọjọ́ kejì ọjà ni wọ́n ń hú ẹ̀gẹ́. Wọ́n á bó o, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi, ó lè lo òru mẹ́ta tàbí mẹ́rin níbẹ̀ títí tí yóò fi rọ̀ tí yóò sì kan. Bí omi náà bá ti ń hó díẹ̀díẹ̀ lójú, tí òórùn rẹ̀ ti gba ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí ẹ̀gẹ́ bá fọ́ sí wọn láàárín ìka, ó ti tó yọ. Wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á fa okùn àárín rẹ̀ yọ, wọ́n á sì fọ́n ọn sórí àpáta. Àpáta pọ̀ lágbègbè wa, ẹni tí kò bá sì ní àpáta nítòsí á sá tirẹ̀ sí etí títì ọ̀dà. Oòrùn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ni, ó gbẹ, ó di àpò, ọjà sì ti kò. Bí òjò bá da oòrùn ọjọ́ kan rú, làfún á dúdú, owó rẹ̀ á sì já wálẹ̀. Ẹ̀gẹ́ gan-an kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí o. Gúúsù Amẹ́ríkà ni àwọn Pọtogí ti gbé e wá sí Áfíríkà, ọjọ́ àwọn òrìṣà sì ti wà nílẹ̀ kó tó dé. Àlejò ni, ó wá rí òǹkà tó bá ìwà rẹ̀ mu, ó sì dúró.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ti wá kí ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin yìí lè parẹ́. Mùsùlùmí kó Jímọ̀ wá. Ní 1853, David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ Anna tẹ̀dó sí Kúdẹtì n'Ìbàdàn, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ènìyàn láti ya ọjọ́ Ìsinmi sọ́tọ̀. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó gba Lálúpọn kọjá, ó sì dé Òṣogbo ní 1907, tòun ti aago àti déètì rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ dé, ọ́fíìsì dé, owó oṣù dé. Gbogbo wọn ló borí níbi púpọ̀. Ẹ wo ìsọmọlórúkọ: láyé àtijọ́, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọmọkùnrin, ọjọ́ keje ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì. Lónìí, ọjọ́ kẹjọ ni gbogbo wa ń kó ọmọ jáde, ì báà jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ì báà jẹ́ mọ́ṣáláṣí, a ò sì rí ẹni tó bá wa jà.

Kí ló dé tí òǹkà ti ìsọmọlórúkọ fi lọ tí ti ọjà kò lọ? Mo ti rò ó pẹ́, ohun tí mo sì rí nìyí. Ìsọmọlórúkọ, ti ìdílé kan ni. Bí bàbá ọmọ bá fẹ́ yí ọjọ́ padà, ó tó bẹ́ẹ̀. Ọjà kò ní ìdílé kan. Ọjà abúlé wa so mọ́ ti abúlé kejì bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sí okùn kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀ kí alájàpá, alátẹ, ọlọ́kọ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ lè ná gbogbo wọn yípo. Bí abúlé kan bá sọ pé Àbámẹ́ta ni tòun láti òní lọ, lọ́jọ́ mìíràn yóò kọlu ti aládùúgbò rẹ̀, àwọn oníbàárà á sì pín sí méjì. B. W. Hodder, tó kọ́ni ní yunifásítì Ìbàdàn, àti U. I. Ukwu ṣe ìwé kan lórí àwọn ọjà Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní 1969, wọ́n sì fi hàn níbẹ̀ bí àwọn ọjà tó múlé gbe ara wọn ṣe ń pín ọjọ́ láàárín ara wọn. Àwọn màmá wa kò ka ìwé náà. Ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Mo rántí ọdún kan tí Iléyá bọ́ sí ọjọ́ ọjà gan-an. Baálẹ̀ àti Ìyálọ́jà fikùn lukùn, wọ́n ní kí a ná ọjà náà ní ọjọ́ tí ọdún ku ọ̀la. Gbogbo wa ra ata, a ra epo, a lọ múra ọdún. Ọjà tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ tí ì bá bọ́ sí tẹ́lẹ̀ náà ló bọ́ sí. Wọ́n sún ọjà, wọn kò sún òǹkà.

Ní báyìí, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ti ń fún wa nísinmi fún ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, 20 oṣù kẹjọ. Inú mi dùn sí i. Ìtìjú tí wọ́n fi kan àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ti pẹ́ jù, wọ́n sì yẹ lẹ́ni tí ìjọba ń bọlá fún. Ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà òyìnbó ni wọ́n fi dá ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni, kò sì sí òrìṣà kan tó ń bójú wo 20 oṣù kẹjọ kó tó mọ̀ pé ọjọ́ òun pé. Bí a bá ń wá ibi tí ìṣẹ̀ṣe ṣì ti ń ṣiṣẹ́ ní Àkànrán, ní Ẹ̀rúnmu, ní àwọn abà tó wà lẹ́yìn Mọ́níyà, kí a má ṣe wo kìkì àwọn tó wọ aṣọ funfun. Kí a wo ọlọ́kadà tó mọ ọjọ́ tí òun gbọ́dọ̀ jí kí àkùkọ tó kọ. Kí a wo oníẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́, tó ń ra epo díésù dè ọ̀sán ọjọ́ kan pàtó. Kí a wo ẹgbẹ́ èsúsú tó ń dá owó ní ìtàdógún, tí akọ̀wé wọn sì jẹ́ díákónì.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni títì. Kì í ṣe pé n kò fẹ́ títì. Ẹni tó ti ru ẹlùbọ́ gba inú ẹrẹ̀ kò ní í sọ̀rọ̀ òdì sí títì. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀nà bá ti dán, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ná ọjà. Ní 2021, wọ́n ṣí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ńlá sí Mọ́níyà, èyí tó ń lọ sí Èkó, ìsọ̀ sì ń pọ̀ sí i lágbègbè náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀gbẹ́dá, ìsọ̀ ti to lẹ́bàá ọ̀nà Ifẹ̀. Ọjà ojoojúmọ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ka ọjọ́. Bí àwọn ọjà oko bá sì kú tán, kò sí àmì mìíràn nígboro tí ọmọ ọmọ mi yóò fi mọ̀ pé òní ni ọjọ́ Jàkúta.

Síbẹ̀ mo rí ohun kan láìpẹ́ yìí tó dùn mọ́ mi. Ọmọ tí mo kọ́ ní kíláàsì kẹta ti di nọ́ọ̀sì ní ibùdó ìlera kan lágbègbè wa. Ọjọ́rú ni wọ́n ti ń fún ọmọ ọwọ́ lábẹ́rẹ́ àjẹsára níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, bí ọjà bá sì bọ́ sí Ọjọ́rú, ìyá kan kì í yọjú. Ó lọ bá Ìyálọ́jà, wọ́n fún un láyè lábẹ́ ahéré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn aláta, ó sì ń gbé kúlà oníyìnyín rẹ̀ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ọjà. Abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀sẹ̀ kẹwàá àti ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin jìnnà síra wọn, ìyẹn ọjọ́ 28, ọjà mẹ́rin sì jẹ́ ọjọ́ 32. Mo dúró tì í níbi tó ti ń kọ déètì sójú káàdì, nítorí ìjọba yóò béèrè. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó dá káàdì náà padà fún ìyá ọmọ, ó ní, "Ẹ ka ọjà tòní mọ́ ọn o, mà. Ọjà karùn-ún ni kí ẹ gbé e padà wá."