Ìwé Ìròyìn Tí Ó Fi Ọkọ̀ Ojú Omi Lé Mẹ̀kúnnù Lọ́wọ́

Bí a bá dárúkọ Daily Mirror ti Lọ́ńdọ̀nù, ohun tí àwa oníṣẹ́ ìròyìn kọ́kọ́ ń rántí ni pé àwọn tí ó ni ín ni wọ́n ra Daily Times ti Èkó ní ọdún 1947. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1963, ìwé ìròyìn yìí kan náà ṣe ohun tí kò jẹ mọ́ títẹ ìwé rárá: ó gbé ọkọ̀ onígi jáde fún mẹ̀kúnnù.

Kí ó tó di ìgbà náà, ohun ìgbádùn olówó ni ọkọ̀ onígbòkun jẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Pláíwúùdù wà lára ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ padà. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà: igi pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ra, tí ìlà igi ọ̀kan dábùú ti èkejì, kí ó má baà là. Àmọ́ omi a máa tú gọ́ọ̀mù àtijọ́. Ọdún 1934 ni James Nevin, onímọ̀ kẹ́míkà ará Amẹ́ríkà, ṣe gọ́ọ̀mù pláíwúùdù tí omi kò lè tú.

Ìṣòro kan ṣẹ́kù. Pláíwúùdù kì í sábà gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 8 lọ. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì gùn jù bẹ́ẹ̀. Ó di dandan kí a so ó pọ̀. Ọ̀nà kìíní ni kí a fá etí pákó méjèèjì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ní ìlọ́po 8 nínípọn rẹ̀, kí a gbé ọ̀kan lé èkejì, kí a sì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Pákó tí ó nípọn tó mìlímítà 6 yóò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mìlímítà 48. Ọ̀nà kejì ni kí etí kan etí, kí a fi pákó mìíràn lẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn. Ìlà igi ojú pákó gbọ́dọ̀ tọ òòró ọkọ̀, láti iwájú dé ẹ̀yìn, nítorí ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Ti àlẹ̀mọ́ náà gbọ́dọ̀ tọ ọ̀nà kan náà, kí ó dábùú ojú ìsopọ̀. Bí ó bá bá ojú ìsopọ̀ lọ, ibẹ̀ ni yóò ti ṣẹ́.

Jack Holt, tí ń ya àwòrán ọkọ̀, àti Barry Bucknell, tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọwọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, ni wọ́n sọ ìmọ̀ yìí di ti gbogbo ènìyàn. Ọkọ̀ wọn kò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 11. Ní ọdún 1963, ẹni tí ó bá san pọ́n-ùn 63 àti ṣílè 11 yóò gba pákó tí a ti gé sílẹ̀. Yóò fi wáyà bàbà rán wọn pọ̀ bí ìgbà tí télọ̀ ń rán aṣọ, yóò sì fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ onífọ́nrán díńgí àti gọ́ọ̀mù dí ojú rírán. Ìgbòkun rẹ̀ pupa bí àkọlé ìwé ìròyìn náà. Wọ́n ti kan èyí tí ó lé ní 70,000.

Ní tiwa nílé iṣẹ́ ìròyìn, iye ẹ̀dà tí a tà ni a fi ń wọn ara wa. Ìbéèrè tí ọkọ̀ kékeré yìí ń bi wá ni pé: lẹ́yìn tí òǹkàwé bá ti ká ìwé ìròyìn kúrò nílẹ̀, kí ni a fi lé e lọ́wọ́ tí ó lè fi ṣe nǹkan?